Ẹni Tó Ń Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Harima

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Tomiyo Harima kọ́kọ́ gbé Bàbá Nozue sínú ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá náà dúró sábẹ́ agbòòrùn dúdú kan ní ibùdókọ̀ tí bọ́ọ̀sì kankan kì í yà sí mọ́. Láti ìgbà tí yìnyín orí òkè ti yọ́ tán ni wọ́n ti fòpin sí bọ́ọ̀sì ọ̀hún, torí àwọn arúgbó tó ń wọ̀ ọ́ ò tó nǹkan mọ́, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ní gbogbo abúlé Okutani. Tomiyo ti kọjá rẹ̀ díẹ̀ kó tó tẹ bíréèkì. Ó rọra fẹ̀yìn rìn padà, ó sì yí gíláàsì sílẹ̀.

"Bàbá, bọ́ọ̀sì wo lẹ ń dúró dè?"

"Ti ìsàlẹ̀ ìlú ni."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti dá a dúró o!"

"Mo gbọ́. Mo kàn ní kí n wá wò ó, bóyá wọ́n ti yí ọkàn padà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tomiyo kó tó mọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ṣílẹ̀kùn, bàbá náà pa agbòòrùn dé, ó wọlé pẹ̀lú gbogbo omi ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjókòó tó rẹ.

Ẹni ọgọ́rin ọdún ni Tomiyo nígbà náà. Bàbá Nozue fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Òkè lọ́hùn-ún ni bàbá ń gbé, níbi tí ọ̀nà ti ń parí sínú igbó igi sídà tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Masae, ló kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí tó fi dá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ padà fún ọlọ́pàá. Láti ọjọ́ yẹn, ayé bàbá ò kọjá ilé, ọgbà ẹ̀fọ́ àti àpótí tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí. Ní ti Tomiyo, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré funfun tí Genzō ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń wà. Òun ló fi ń kó ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, òun ló fi ń lọ sílé ìwòsàn, òun náà ló fi ń lọ wẹ ibojì Genzō. Àwọn ojúgbà rẹ̀ tí wọn ò ní ọkọ̀ mọ́ ti ń gbàgbé bí òkun ṣe rí. Tomiyo mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni mọ́tò yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Gbogbo ọjọ́rú ni Tomiyo ń gùnkè lọ gbé bàbá, tí wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà wọ́n á ra tófù tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe àti ẹja, wọ́n á sì padà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu bàbá yìí ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

"Ẹ wo igi kaki àwọn Ogawara," bàbá á wí. "Ó ti so wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ibẹ̀ yẹn la ti ń yà sósì."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Afárá pupa rèé. Àwa ò ní gùn ún. Àwọn tó ń lọ sétí òkun ló ń gùn ún. Ọ̀tún ni tiwa."

"Ọ̀tún náà ni mò ń lọ, àbí kí lẹ rò?"

"Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni tèmi."

Genzō kì í sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, bí ó bá sọ pé òjò máa rọ̀, ó ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn tán. Ìyọnu ni ariwo Bàbá Nozue kọ́kọ́ jẹ́ fún Tomiyo. Nígbà tó yá, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ jù fún un lọ́jọ́ àìkú. Lọ́jọ́ kan tó jẹ́ ìṣẹ́gun, ó bá ara rẹ̀ níwájú dígí, ó ń fi nǹkan pupa díẹ̀ sí ètè wò. Ó yára nù ún nù. Ó wo ojú tó hunjọ nínú dígí, ó ní, "Ìwọ arúgbó yìí, kí lo ń wá?"

Lọ́dún kẹta, nígbà tí wọ́n ti kórè ìrẹsì tán, ni Sumie, ìyàwó àlùfáà tẹ́ńpìlì, wá kí i. Ó gbé àkàrà oníṣúgà dání, ó sì jókòó bí ẹni tí kò ní tètè lọ.

"Wọ́n rán mi wá ni," ni Sumie wí.

"Ta ló rán yín?"

"Ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú mọ́tò."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ó ní kí n bá òun bi yín bóyá ẹ lè fẹ́ òun."

Tíì gba ọ̀nà òdì lọ́fun Tomiyo. Ó wúkọ́ títí Sumie fi dìde gbá a lẹ́yìn.

"Ẹni tó ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun ò fi lè dẹnu kọ yín fún ọdún mẹ́ta gbáko."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín lọ tán, nǹkan kan kù tí kò lọ. Tomiyo ń yí ife tíì lọ́wọ́. Ó ń rò ó pé ṣé èmi ni ọkùnrin yìí fẹ́, àbí mọ́tò? Bí wọ́n bá gba mọ́tò lọ́wọ́ èèyàn, ṣé kò ní wá ẹni tó ní mọ́tò fẹ́? Òun náà ńkọ́? Ṣé bàbá lòun ń retí, àbí ohùn èèyàn lásán?

"Ẹ bá mi bi í ní nǹkan kan," ló wí níkẹyìn. "Ẹ ní, bí mi ò bá ní mọ́tò ńkọ́?"

Sumie lọ, ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí ló ní?"

"Ó dákẹ́ títí, mo rò pé ó ti sùn lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, 'Ìbéèrè yẹn le o.'"

"Ìbéèrè yẹn le? Ó parí síbẹ̀?"

"Ó parí síbẹ̀."

Inú bí Tomiyo, ó dùn ún, ó sì tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní bàbá sọ pé mọ́tò ò já mọ́ nǹkan kan ni, ì bá mọ̀ pé irọ́ ni. Ká ní ó sọ pé mọ́tò lòun ń fẹ́, ì bá lé e. Kí ni èèyàn ń fi "ìbéèrè yẹn le" ṣe? Lọ́jọ́rú, ó lọ gbé e bí ìṣe rẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìgbéyàwó nínú àwọn méjèèjì. Bàbá ń sọ̀rọ̀ igi kaki.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbà dé etí àwọn ọmọ, a ò mọ̀. Yasuhiro, ọmọ Tomiyo, wakọ̀ láti Hiroshima wá fún ọdún tuntun pẹ̀lú ojú líle.

"Màmá, wọ́n ní ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó."

"Mi ò tíì dáhùn."

"Pé ẹ ò tíì dáhùn ló ń bà mí lẹ́rù. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ pé rárá! Ẹ wò ó, mo ti tún yàrá kan ṣe fún yín lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi mọ́tò yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá sinmi."

"Yàrá orí àjà tí mi ò ti lè rí ilẹ̀? Kí ni mo máa máa ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n."

"Ìwọ ni kó o lọ máa wò ó."

"Màmá, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn pé arúgbó kan tẹ iná níbi tó ti fẹ́ tẹ bíréèkì. Bí fóònù bá dún lálẹ́, mo máa ń fò dìde. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé ẹ ti pa ọmọ ọlọ́mọ?"

Tomiyo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ọmọ náà fi ń pariwo, ó sì mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ náà, bó bá ro yàrá orí àjà yẹn, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ń pa fèrèsé dé mọ́ òun lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Masae ọmọ Bàbá Nozue ní tirẹ̀ pè lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò sì ní ìwà àfojúdi.

"Màmá Harima, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi o. Inú ibojì wo ni wọ́n máa gbé eegun bàbá mi sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú? Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni, àbí lọ́dọ̀ yín? Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ẹ máa fi ọkọ yín sílẹ̀ lóun nìkan ni?"

"Ọmọ mi," ni Tomiyo wí, "mi ò tíì mọ ohun tí mo máa jẹ lálẹ́ òní."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ibojì ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, ikọ́ dá Bàbá Nozue dùbúlẹ̀. Masae wá tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́rú yẹn, Tomiyo nìkan ló lọ. Òòrùn yọ dáadáa, ọ̀nà gbẹ. Ó rántí pé ó ṣíná mọ́tò. Ó rántí pé ó gbójú wo ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì ní, "Ó mà dákẹ́ lónìí o."

Nǹkan tó tún rántí lẹ́yìn ìyẹn ni òkun.

Omi aláwọ̀ búlúù ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ti dúró lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́. Àwọn obìnrin ń sá ẹja sóòrùn, wọ́n ń wò ó. Òòrùn ti ń wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá kan gíláàsì.

"Màmá, ṣé kò sí wàhálà o? Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti wà níbí. Níbo lẹ ń lọ?"

Tomiyo la ẹnu. Ó mọ̀ pé òun ń lọ síbì kan. Ó ń wá orúkọ ibẹ̀ nínú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìṣáná nínú òkùnkùn, gbogbo ohun tó ń bà lọ́wọ́ kì í ṣe òun. Wọ́n bi í lórúkọ. Èyí wá wéré: "Harima. Harima ni mí." Ọlọ́pàá ni wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ọlọ́pàá náà ò pariwo mọ́ ọn. Ó yí ọkọ̀ po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó dìde.

"Màmá, kí lẹ kọ lù?"

Bọ́ńpà ti rún wọlé. Iná ojú ọ̀tún ti fọ́. Tomiyo wò ó, ó fọwọ́ kan ibi tó fọ́.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ rárá."

Ní gbogbo àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọlọ́pàá ń tọ ọ̀nà, Tomiyo sì jókòó sí ọ́fíìsì wọn, ó ń bẹ gbogbo òkú tó mọ̀ pé kí wọ́n gba òun. Ìgbà tí wọ́n dé, wọ́n ní irun ìmàdò ni wọ́n rí nínú bọ́ńpà, àwọn sì ti rí ìmàdò ọ̀hún nínú kòtò. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀. Yasuhiro tó ti sáré dé ń sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n Tomiyo ò lè fọkàn balẹ̀. Ìmàdò ni wọ́n sọ pé ó jẹ́. Òun ò rí i. Bí wọ́n bá sọ fún un pé èèyàn ni, ì bá gbà pẹ̀lú. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Wọ́n gbé ọkọ̀ funfun lọ. Tomiyo bẹ ọmọ rẹ̀ kó fún òun ní àkókò díẹ̀ kí òun tó kó lọ sí Hiroshima. Ó ń retí pé Bàbá Nozue á pe òun. Fóònù ò dún. Òjò ìgbà ìrúwé rọ̀, wọ́n gbin ìrẹsì, fóònù ò dún. "Èsì mi nìyẹn," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Mo bi í pé bí mi ò bá ní mọ́tò ńkọ́. Ó ti dáhùn." Àmọ́ bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọkàn rẹ̀ á tún ní, bóyá ó ti kú ni wọn ò sọ fún mi.

Sumie ló wá wọ́ ọ jáde. "Ẹ wọ ọkọ̀ mi. Mi ò lè máa wo arúgbó méjì tí wọ́n ń yan ara wọn lódì."

Bàbá Nozue jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ti rù. Bó ṣe rí Tomiyo, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbé e.

"Ẹ ò pè mí," ni Tomiyo wí.

"Ojú ń tì mí."

"Ojú kí ni?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Láti ìgbà ìkórè. Ẹ dúró lábẹ́ igi kaki àwọn Ogawara lọ́jọ́ kan, ẹ bi mí pé, 'Apá ibo là ń yà sí?' Ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, ẹ tún bi mí. Ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń yára sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bi mí."

Tomiyo di ọwọ̀n mú. Igi kaki, afárá pupa, ọ̀tún ni tiwa. Gbogbo ìgbà tó rò pé bàbá ń ròyìn lásán, ọ̀nà ló ń fi han òun. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ yọ́ bí epo. Lẹ́yìn náà ni ìbínú wá jó gbogbo rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa wakọ̀?"

"Bí mo bá sọ, wọ́n á gba mọ́tò. Bí wọ́n bá gba mọ́tò, wọ́n á kó yín lọ sí Hiroshima. Mo ń sọ fún ara mi pé torí yín ni mo ṣe dákẹ́, kí ayé yín má bàa há. Lọ́jọ́ míì, mo mọ̀ pé torí ara mi ni. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo ti rò ó títí."

"Bí kì í bá ṣe ìmàdò ńkọ́?" Tomiyo ò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Bó bá jẹ́ ọmọ tó ń bọ̀ láti iléèwé ńkọ́? Ta ló máa pa á, èmi tí mi ò mọ̀ ni, àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀?"

"Èmi ni," ni bàbá wí. "Èmi ni ì bá pa á. Ìdí tí mi ò fi lè pè ọ́ nìyẹn, Tomiyo."

Kò pe orúkọ rẹ̀ rí, kò sì sọ "ọ́" sí i rí. Tomiyo gbọ́ ọ. Ó yí padà, ó lọ wọ ọkọ̀ Sumie.

Ó bínú fún ìgbà pípẹ́. Láràárọ̀, ó máa ń jí, á ka ẹ̀sùn bàbá sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ kó má bàa gbàgbé. Bàbá mọ̀, kò sọ. Bàbá fi èmi àti ọmọ ọlọ́mọ wewu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn kòkòrò inú igi ń han gooro, ó jí, ó rántí pé òun ń bínú, àmọ́ kò rántí ìdí rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wá a. Kí ìdí náà tó dé, ohun mìíràn ti dé: àárò bàbá ń sọ ọ́ gan-an. Nígbà tí ìdí náà wá dé, àárò yẹn ò lọ. Àwọn méjèèjì jókòó sínú rẹ̀ pa pọ̀, ìkankan ò lé èkejì. Ó wá rí i pé bí òun bá ń dúró kí ọkàn òun mọ́ gaara kí òun tó dáhùn, òun á kú láìdáhùn.

Ó pe Sumie. "Ẹ sọ fún un pé mo gbà. Ẹ tètè lọ o, kí n má lọ gbàgbé pé mo gbà."

Àwọn ọmọ méjèèjì pàdé nílé Tomiyo. Yasuhiro ti mú ìyá rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, dókítà sì ní àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe é, torí náà Yasuhiro ń bẹ̀rù. Masae náà ń bẹ̀rù. Tomiyo àti Bàbá Nozue jẹ́ kó yé wọn pé ilé Tomiyo tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n máa gbé, pé ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi gbé àwọn arúgbó á máa wá gbé wọn, pé kálukú á padà sí ibojì tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú, torí àwọn ibojì náà ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

"Ó ku orúkọ ìdílé," ni Masae wí. "Òfin ní ọ̀kan ṣoṣo ni tọkọtaya lè jẹ́. Màmá á wá di Nozue nìyẹn."

"Rárá," ni Bàbá Nozue wí. "Èmi ni mo máa di Harima."

Masae fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá! Orúkọ ọkọ wọn tó kú nìyẹn o! Ẹ fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkùnrin mìíràn nígbà tẹ́ ẹ ti fẹ́ pé àádọ́rùn-ún ọdún?"

"Lọ́jọ́ tó sọnù, wọ́n bi í lórúkọ," ni bàbá wí. "Ó ní Harima lòun. Orúkọ yẹn ló kù sí i lẹ́nu nígbà tí gbogbo nǹkan lọ. Bí a bá fún un ní tuntun, tó bá tún sọnù ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó mọ̀. Èmi orí mi ṣì pé, ẹ jẹ́ kí èmi yí tèmi."

Yasuhiro tó ti ń mú ojú le láti àárọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí ẹní, ó sì tẹrí ba fún bàbá náà títí iwájú rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

Wọ́n fẹ́ra wọn nígbà ìkórè. Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n jókòó sórí àga gígùn láàárín àwọn arúgbó tó kù, Tomiyo sì ń tòògbé díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn.

"Bàbá Harima! Bàbá Harima, ó kàn yín o!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Tomiyo gbé orí sókè. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó ń retí kí Genzō wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀, kó bọ́ fìlà rẹ̀, kó sì dákẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Nọ́ọ̀sì tún pè. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tomiyo náà ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.

Tomiyo wo bàbá náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di ọwọ́ òun mú lórí itan rẹ̀, ọwọ́ agégi tó ní àpá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Ó wá fi ìgúnpá tọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."